Etí Oko Tí Ìjọba Ní Kí Wọ́n Má Ro

Lọ́jọ́ iṣẹ́, bọ́ọ̀sì ni Ọládàpọ̀ ń wà ní Woolwich, nílùú òyìnbó. Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, àgbẹ̀ ni. Ó háyà ilẹ̀ kan sí Kent, ó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti àgbàdo síbẹ̀ fún àwọn tó ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ẹ̀fọ́ kọ́ ló ń san owó ilẹ̀. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn àgbẹ̀ ni. Àdéhùn owó náà ò sì ju ẹyọ kan lọ: kó fi etí oko sílẹ̀ yíká, kó má ro ó, kó má gé e, kí koríko àti òdòdó ibẹ̀ máa dàgbà, kí oyin àti ẹyẹ lè rí jẹ.

Ẹ gbọ́ ná, irú owó wo nìyẹn? Nílé, igbó tó bá wà létí oko ẹni, èébú ni. Níhìn-ín, wọ́n ń sanwó fún un! Ọládàpọ̀ ò bá wọn jiyàn, ó fọwọ́ síwèé.

Ìyá rẹ̀ tó wá kí i láti Ìwó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Yarnton Way. Lọ́jọ́bọ̀, Ọládàpọ̀ sọ fún un pé, "Mummy, àwọn government ń bọ̀ wá inspect oko ní Monday. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má touch etí oko yẹn o." Kò sọ ìdí. Ta ló fẹ́ jókòó máa ṣàlàyé fún ìyá àgbẹ̀ pé igbó ń pawó? Mummy rò pé ẹ̀yìn tó ń dun òun lọmọ òun ń rò.

Láàárọ̀ Monday, òun àti Mummy jọ lọ. Bí mọ́tò ṣe dúró lẹ́nu oko báyìí, orí Ọládàpọ̀ fò lọ. Etí oko yíká mọ́ tónítóní. Kò sí òdòdó, kò sí koríko, ilẹ̀ lásán ló ń wò ó.

"Mummy! Ta ló ṣe eléyìí?"

"Èmi àti àwọn sister mẹ́fà láti ṣọ́ọ̀ṣì ni," Mummy dáhùn, inú rẹ̀ ń dùn. "Friday àti Saturday tó o lọ síbi iṣẹ́. Sister Títílọlá ló fi mọ́tò gbé wa wá. Ṣé kí ìjọba wá bá igbó lóko ọmọ mi ni? Kí wọ́n máa pè ọ́ ní ọ̀lẹ?"

Inú bí Ọládàpọ̀ débi pé ó fọwọ́ gbá steering. Owó ọdún yìí ti lọ nìyẹn, ilẹ̀ náà á sì tẹ̀ lé e, torí onílẹ̀ ti ní ẹlòmíràn tó fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń jágbe mọ́ ìyá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bó nítorí ẹni? Kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, obìnrin tó wá yẹ oko wò ti dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ọgbọ́n kan sọ sí Ọládàpọ̀ nínú. Àdéhùn náà sọ pé tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ba etí oko jẹ́ láìjẹ́ pé àgbẹ̀ mọ̀, wọ́n lè fojú fò ó. Ó bá mi orí, ó ní òun ò mọ ẹni tó ṣe é, ibi iṣẹ́ lòun wà.

Mummy ò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i tí obìnrin náà ń nawọ́ sí ibi tí wọ́n ro, ó sì rí i tí ọmọ rẹ̀ ń mi orí. Ó dùn ún. Àṣé ojú ń ti ọmọ yìí láti sọ pé ìyá òun ló ṣiṣẹ́! Ó rìn bọ́ sáàárín wọn, ó lu àyà.

"Me! Na me clear am. Me and my church people."

Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó sí obìnrin náà kó lè rí i. Obìnrin náà wo Ọládàpọ̀, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé.

"Kí ló ń kọ?" Mummy bi ọmọ rẹ̀.

"Ohun tẹ́ ẹ ṣe ló ń kọ, Mà."

"Ẹn-ẹ́n! Sọ fún un pé Felicia Àdùkẹ́ lorúkọ mi. Kó kọ ọ́ dáadáa o."