Jẹ́ Kó Di Ìrọ̀lẹ́

Imú ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe imú lásán. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta lọ́fínńdà kì í gbé ìgò kankan síta àfi bó bá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Onímú là ń pè é nílé. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti ilé iṣẹ́ dé báyìí, ẹ ó rò pé ó bí mi lọ́mọ ni. Kíákíá ló máa ń dájọ́, kí lọ́fínńdà tó gbẹ lára, kí òórùn rẹ̀ gan-an tó jáde. Ó ní oníbàárà kò ní sùúrù, pé ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ni wọ́n máa ń rà.

Bàbá wa ló kọ́ ọ níṣẹ́. Lọ́fínńdà ni wọ́n ń pò láti ìgbà èwe wọn, nínú yàrá ẹ̀yìn tí èmi ti ń fọ ìgò, tí mo sì ń lẹ àmì mọ́ ọn. Wọn kì í wọn nǹkan kan. Ojú àti imú ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Àmọ́ lẹ́yìn tí Màámi kú, àìsàn kan ṣe wọ́n. Ara wọn yá, imú wọn ni kò yá. Mo gbé ife olómorí kan fún wọn lọ́jọ́ kan, omi gbígbóná lásán ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kọfí náà ń ta sánsán. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló fẹ́ bọ́.

Oníbàárà wọn àtijọ́ kan ló ti ìrìn àjò mú òróró òdòdó ọsimántọ́sì wá fún wọn, nínú ìgò tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Òdòdó náà kéré gan-an, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti èso tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ tí a fi awọ wé. Bàbá gbé e sí imú, wọn kò tètè gbé e kúrò. Bóyá ìwọ̀nba tó kù nínú imú wọn ló gbọ́ ọ. Ni wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n fi gbogbo òróró náà po lọ́fínńdà tán pátá. Wọ́n ní àwọn kò ní po òmíràn mọ́ lẹ́yìn èyí. Ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: a kì í sọ fún ẹni tó máa dájọ́, kí a má baà fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Onímú yà wá láti ilé tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́. Bàbá fín lọ́fínńdà náà sí i lọ́rùn ọwọ́ àti ọrùn bùláòsì.

“Jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ kí o tó sọ̀rọ̀, ọmọ mi.”

“Bàbá, ẹ̀yin náà! Ṣebí iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí.” Ó gbé ọwọ́ símú. “Awọ ti pọ̀ jù. Ó ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Ẹ má bínú o, kò jọ nǹkan kan.”

“Kò jọ nǹkan kan?”

“Rárá, Bàbá.”

Mo ń ṣẹ́jú sí i, aago ló ń wò. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ sílẹ̀. Bó ṣe jáde tán, Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Wọ́n da gbogbo ìgò náà sínú síǹkì, wọ́n ṣí omi lé e lórí. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì.

Nírọ̀lẹ́, fóònù mi dún. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

“Àbúrò, mò ń bọ́ bùláòsì mi ni, ló bá gba ojú imú mi kọjá. Báàgì Màámi ni! Báàgì Màámi ni Bàbá pò!”

Báàgì aláwọ tí Màámi ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ló ń wí. Èso kì í wọ́n nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣí i lẹ́nu ọ̀nà, orí la máa ń kì bọ̀ ọ́.

“Ṣé ó ṣẹ́ kù nínú ìgò?” ni Onímú bi mí.

“Wọ́n ti dà á nù.”

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tó fi dé, ó di bùláòsì náà sínú ọ̀rá. Mo gbóòórùn rẹ̀. Màámi ni lóòótọ́. Onímú kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

“Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Mo yára jù.”

Bàbá gba bùláòsì, wọ́n fi bojú, wọ́n fà á símú. Wọ́n tún fà á. Wọ́n tún fà á. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lé orí itan wọn, wọ́n ń fọwọ́ pa á.

“Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ sọ fún mi. Ṣé ìyá yín ni?”

“Àwọn ni, Bàbá. Báàgì wọn ni, pẹ̀lú èso inú rẹ̀.”

Omi lé ròrò lójú wọn.

“Nígbà tí o ní kò jọ nǹkan kan,” ni wọ́n wí, “mo rò pé mo ti gbàgbé rẹ̀ ni.”

Wọ́n dá bùláòsì náà padà fún un. Wọ́n ní kó tètè di ẹnu ọ̀rá náà, kí òórùn Màámi má baà lọ.