Ọ̀dà Funfun Nídìí Ìyá Mọ́ládé

Inú tó bí Ìyá Mọ́ládé láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé ìkòkò lé e, á hó. Ó dìde nídìí òfì láìparí aṣọ tó ń hun, ó wé gèlè ní ìwékúwèé, ó di ojú ọ̀nà Òkèhò, níbi tí Ọlágòkè ti ń kun ọkọ̀. Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó rọra.

Ọdún mẹ́ta lọmọ náà ti lò lábẹ́ Ọlágòkè. Ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó ti gbà á báyìí kó wá kọ́ iṣẹ́ kíkun bàálù: bí wọ́n ṣe ń bó ọ̀dà àtijọ́, tí wọ́n ń ha ara bàálù títí á fi jọ̀lọ̀, kí wọ́n tó fín tuntun sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí ọ̀dà tó bá ki, ẹrù ni fún ohun tó ń fò. Kí ọ̀gá rẹ̀ sáà ti pè wọ́n, kó ní òun ti fún un ní fíríìdọ́ọ̀mù. Bí kò bá pè lónìí, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọlágòkè kọ̀. Ó ní kò tíì mọ ìbọn tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà dì mú.

Ta ni kò jẹ́ kó dì í mú? Àwọn ọmọkùnrin tó dé lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá ń fín ọkọ̀. Omi àti sáńpépà ni wọ́n ń kó lé Ọmọ́ṣaléwá lọ́wọ́, kó máa ha ara ọkọ̀ títí èékánná rẹ̀ fi jẹ tán. Bó bá ṣe tán, wọ́n á ní kó lọ tẹ ẹ̀bà fún ọ̀gá.

Ọlágòkè nìkan ni wọ́n bá ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kadà ti gbé e ṣubú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ kan ní Ṣakí. Ìyá Mọ́ládé kí i bó ti yẹ kéèyàn kí ọ̀gá ọmọ ẹni, lẹ́yìn náà ló tú u palẹ̀.

"Ọlágòkè, o gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọ, o tún ń kéde pé kò mọ oúnjẹ bù."

Ó ní òun ò kúrò níbẹ̀ àfi tó bá pe Èkó, ó sì fìdí gúnlẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ funfun kan. Áṣáà ti dí i nímú, kò gbóòórùn ọ̀dà tútù.

Nígbà tí Ọlágòkè fi máa figbe ta, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ojú ìdí méjèèjì ti hàn kedere lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí àtẹ. Ìyá Mọ́ládé dìde, ó bojú wẹ̀yìn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bóun ṣe dàgbà tó, òun ò mọ̀ pé ẹrù tóun ń gbé kiri tó báyìí.

Ọlágòkè ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ni ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé e nírọ̀lẹ́.

"Ọmọ́ṣaléwá, mú ìbọn, kó o tún un fín."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní mi ò mọ̀ ọ́n dì mú."

"Ṣé mi ò rí àwọn páànù tó ò ń fín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni, tí mo bá lọ kírun Jímọ́ọ̀?"

Ẹ̀rín kú mọ́ Ìyá Mọ́ládé lẹ́nu. Ọlágòkè mọ̀ pé ọmọ náà lè fín ọ̀dà. Látọjọ́ yìí ló ti mọ̀.

Ọmọ́ṣaléwá na fóònù sí i. "Ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, sà."

Ọlágòkè wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó wú, ó gba fóònù. Ó ní ọmọ náà mọṣẹ́ dáadáa, òun ti tú u sílẹ̀, àdúrà òun ń bá a lọ. Ó wá fi kún un pé, "Èmi fúnra mi ni mo fi ìbọn lé e lọ́wọ́."

Ìyá Mọ́ládé la ẹnu. Ọmọ́ṣaléwá yára fìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó máa yangàn. Ẹ bá mi pọnmi wá."

Ìyá Mọ́ládé gbé garawa lọ sídìí kànga. Ibẹ̀ ló ti bú Ọlágòkè títí garawa fi kún.