Àkùkọ Méjì fún Àgbàlá Bàbá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: owú ló ń jẹ káfíńtà, kì í ṣe ohun mìíràn. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní ó rẹ̀ ẹ́ ni, wọ́n á ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ wo? Ọkùnrin tó lè kan ilẹ̀kùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kó sì tún máa súfèé, ṣé iṣẹ́ ló ń sọ ojú rẹ̀ di kíkorò bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí ọkọ àbúrò rẹ̀ bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà?

Télọ̀ ni ọkọ àbúrò rẹ̀ yìí. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ dùn bí ẹni pé oyin ló fi ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Kò tíì pẹ́ tó wọ ìdílé, ó ti ń pe bàbá ìyàwó rẹ̀ ní "Bàbá mi", àgbàlagbà náà sì ń dáhùn! Kì í tilẹ̀ ṣe pé ó ń dáhùn nìkan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àríntàkìtì, irú èyí tí káfíńtà kò gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí láti kékeré, ni Bàbá máa ń rín tí télọ̀ bá ti jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Káfíńtà ló sì kan bẹ́ǹṣì ọ̀hún. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù.

Bàbá ní adìẹ. Kì í ṣe adìẹ lásán o, irú kan tó ti ń sìn bọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni: ẹlẹ́sẹ̀ títọ́, aláyà gígùn, tí àwọn abo wọn ń yé déédéé, tí àwọn akọ wọn kì í sì í ṣe oníjàgídíjàgan. Lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ bá ti gbó díẹ̀, Bàbá á ṣa àkùkọ tí yóò kù sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbébọ̀, ìyókù á sì bá ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣì í ṣà, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò rí èrè rẹ̀: àwọn ọmọ á máa jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwọ́, ilé adìẹ á sì di pápá ìjà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣà wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti di bàìbàì báyìí, ìbàdí tó ń dùn ún láti ìgbà tó ti ṣubú kò sì jẹ́ kó lè kúrò lórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé yàrá rẹ̀. Ló bá pe ọmọ rẹ̀, ó pe ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ wo àwọn ọ̀dọ́ àkùkọ yẹn fún mi," ó wí. "Mẹ́jọ ni wọ́n. Méjì ni mo fẹ́. Ẹ ṣe é dáadáa o, torí mi ò mọ̀ bóyá màá tún wà níbí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣa òmíràn."

Ẹ̀yin méjèèjì! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ káfíńtà lára bí ìṣó. Ta ló kọ́ ilé adìẹ? Ta ló ń gbá ìgbẹ́ wọn? Ta ló ń bu omi fún wọn láràárọ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù? Télọ̀ tí kò mọ̀ ju kó bá wọn jẹ itan adìẹ lọ, òun náà ti wá di aṣàdìẹ! Ohun tó wu káfíńtà kò pọ̀. Kí Bàbá kàn ní, "Ìwọ ni mo fọkàn tán, lọ ṣà wọ́n fún mi." Ó ti ń retí gbólóhùn yẹn láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti hù sí i lójú. Ẹ sì mọ irú ẹni tó jẹ́, kò lè la ẹnu bèèrè.

Wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé. Télọ̀ ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ wọnú ilé adìẹ, ó sì ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo nǹkan! Àwọn àkùkọ tó jẹ́ pé bí káfíńtà bá gbá wọn mú, wọ́n á máa ké bíi pé ọ̀bẹ ti kan ọrùn wọn, ńṣe ni wọ́n ń tòògbé lọ́wọ́ télọ̀. Ó ń fọwọ́ ra wọ́n lẹ́yìn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀: "Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rẹ́ mi. Má bínú, a kàn fẹ́ wò ọ́ ni." Káfíńtà di férémù ilẹ̀kùn mú pinpin. Adìẹ náà! Àní adìẹ náà ti gba tiẹ̀!

Nínú gbogbo wọn, méjì ló gba ojú. Ọ̀kan pupa fòò, ó tóbi, ogbe rẹ̀ dúró ṣánṣán. Òun ló kọ́kọ́ kọ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn láti ọjọ́ náà. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá yìí, tó bá rí oúnjẹ, á dá a jẹ. Tó bá rí abo adìẹ, á já ìyẹ́ orí rẹ̀. Ìka àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì sì wọ́ díẹ̀, ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ ọn kò lè rí i. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ eérú, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Eléérú. Kò ní ariwo. Àmọ́ tó bá rí kòkòrò, á dúró tì í, á máa ké kúkúkú títí àwọn abo á fi wá jẹ ẹ́. Àyà rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tọ́ gbọnrangandan. Káfíńtà ti mọ̀ láti ìgbà tí ìyẹ́ ti ń hù lára rẹ̀ pé Eléérú ni. Kò sọ fún ẹnì kan. Ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú ni, kó lè fi ya Bàbá lẹ́nu.

Télọ̀ gbé Eléérú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé eléyìí ni ká kọ́kọ́ mú. Àbí kí lẹ rí?"

Ẹ̀jẹ̀ rú sí káfíńtà lórí. Báwo ló ṣe mọ̀? Ta ló sọ fún un? Ẹni tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àti òwú ló mọ̀ láyé! Bí òun bá gbà fún un, télọ̀ ni yóò lọ ròyìn fún Bàbá, télọ̀ ni Bàbá yóò yìn, ẹ̀rín ọjọ́sí yóò sì tún sọ. Kó tó rò ó dé ìdí, ẹnu rẹ̀ ti là.

"Eléérú kẹ̀? Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́." Ó gba àkùkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọ̀gá ni ká mú."

"Kí lẹ rí?" Bàbá kígbe láti ojú fèrèsé.

"Eléérú ni, Bàbá! Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́!"

"Háà! Èyí tí mo máa ń gbọ́ tó ń pe àwọn abo wá jẹun yẹn? Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Télọ̀ dá sí i. "Bàbá mi, ṣé kí n gbé e wá kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Kí n fọwọ́ kàn án fún kí ni?" Bàbá dáhùn. "Ojú ẹ̀ ni ojú mi. Tó bá ti ní ó wọ́, ó wọ́ náà nìyẹn. Ẹ pa á."

Ojú ẹ̀ ni ojú mi. Ẹ gbà mí o! Ohun tí ọkùnrin yìí ti ń retí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìgbà tí irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ ló tó dé. Kò tíì pẹ́ jù nígbà yẹn. Ó lè ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún un wò." Ṣùgbọ́n télọ̀ dúró níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ẹ̀rín náà sì ń ta á lójú. Ó mú ọ̀bẹ.

Àbúrò rẹ̀ gbé omi gbígbóná wá, ó padà sí ìdí ààrò. Àwọn ọkùnrin méjèèjì jókòó ti bàsíà, wọ́n ń tu ìyẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì mí lọ́nà lónìí o," ni télọ̀ wí. "Mo rò pé mo ti gbà á."

"Gba kí ni?"

"Ẹ mọ̀ pé èmi ò mọ nǹkan kan nípa adìẹ. Bàbá ló sọ fún mi. Wọ́n ní ọmọ àwọn kì í sọ̀rọ̀, pé ojú yín ni kí n máa wò. Èyí tí ojú yín bá pẹ́ lára rẹ̀ jù, òun ni kí n gbé. Bí àwa náà ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Oníbàárà á ní sítáì yìí lòun fẹ́, ojú rẹ̀ á wà lára òmíràn. Èyí tó ń wò ni mo máa ń rán fún un. Ojú yín kò sì kúrò lára Eléérú láti ìgbà tá a ti débí."

Ọwọ́ káfíńtà dúró sínú omi. "Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n tún máa ń sọ? Ọ̀rọ̀ yín náà ni ṣáá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wà ní kékeré tẹ́ ẹ kan ara yín mọ́ inú ilé adìẹ, tẹ́ ẹ ń ké láti inú lọ́hùn-ún pé òòlù yín ti kán, kí wọ́n wá ra òmíràn fún yín. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín dákú."

Ẹ̀rín tó ti ń jẹ káfíńtà lọ́kàn láti ọjọ́ yìí, òun gan-an ni wọ́n ń fi rín! Télọ̀ ní tirẹ̀ ti dé ibi ẹsẹ̀. Ó gé e, ó bó o, ó nu ún, ó ya àwọn ìka rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo káfíńtà. Ó rọra ti ẹsẹ̀ náà sábẹ́ ìyẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ohùn Bàbá tún dé láti ojú fèrèsé. "Ẹ gbọ́! Àgbébọ̀ dúdú, ìyá Eléérú yẹn, a ò lè fi òun náà sílẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ wíwọ́ kì í dá wá, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ mú un mọ́ ọn."

Àgbébọ̀ dúdú! Èyí tó ń yé láìsinmi, tí kò fi ọmọ kan ṣòfò rí! Káfíńtà gbójú sókè. Ṣùgbọ́n télọ̀ ti dìde ṣáájú rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ forí jì mí, ẹ̀bi tèmi ni," ó wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ẹsẹ̀ Eléérú wọ́. Mi ò rí i dáadáa ni, wọ́n kàn gbà mí gbọ́..."

Káfíńtà ń gbọ́ irọ́ náà bó ṣe ń jáde. Ó dùn, ó mọ́, ó ṣe rẹ́gí bí ẹ̀wù tuntun. Ṣé ẹ rí ọkùnrin yìí? Ó gba Bàbá, ó gba adìẹ, ó tún fẹ́ gba ẹ̀ṣẹ̀ òun mọ́ òun lọ́wọ́! Bàbá á ní, "Ọmọ dáadáa, ó jẹ́wọ́ láìsí ẹni tó fìyà jẹ ẹ́." Láéláé! Kò ní ṣẹlẹ̀!

"Irọ́ ni!" ó bú jáde. "Bàbá, ẹ má dá a lóhùn! Èmi ni mo purọ́, èmi nìkan! Ẹsẹ̀ Eléérú tọ́. Ọ̀gá lẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́!"

Kí ẹnikẹ́ni má yìn ín o. Kì í ṣe òtítọ́ inú ló mú un sọ̀rọ̀. Owú náà ni.

Bàbá ní, "Gbé ẹsẹ̀ náà wá."

Káfíńtà gbé e wọ yàrá lọ. Bàbá fi ọwọ́ tọ àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé èékánná, ó tún un tọ̀.

"Kí ló dé?"

"Òun ló kọ́kọ́ gbé e."

"Òun ta?"

"Ọkọ àbúrò mi. Mo ń jowú rẹ̀, Bàbá. Ẹ máa ń bá a rẹ́rìn-ín."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ lójú fèrèsé. "Mi ò ní irú àkùkọ yìí rí," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè. "Ọkọ ọmọ mi! Lọ ṣa èyí tó bá dára wá nínú ìyókù, kí n fọwọ́ mi kàn án. Ìwọ, má fọwọ́ kan ọ̀kankan níbẹ̀. Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan mọ́."

Télọ̀ padà sí ilé adìẹ. Ó dúró láàárín àwọn tó kù, kò mọ èwo ni yóò gbé. Ló bá yíjú sí ẹnu ọ̀nà níbi tí káfíńtà ti jáde wá dúró sí, ó sì ń wo ojú rẹ̀.

Káfíńtà mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Ó lè wo òkè, ó lè wo ilẹ̀, ta ni yóò mú un sí i? Kí télọ̀ gbé èyí tí kò dáa lọ. Kí Bàbá fọwọ́ kan ẹlẹ́yìn tẹ́ẹ́rẹ́, kó fọwọ́ kan ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́, ká wá wo ẹni tí wọn yóò bá rẹ́rìn-ín mọ́. Owú ń sọ ọ́ sí i létí bẹ́ẹ̀. Ó sì wo akọ kékeré kan tó ní kàlákìnní lára, tó dúró jẹ́jẹ́ lẹ́yìn agbada omi, ọmọ àgbébọ̀ dúdú náà. Kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí télọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ gbé e, ó sì tẹ̀ lé e wọ yàrá Bàbá lọ.

Bàbá fọwọ́ ra á láyà, ó fọwọ́ ra á lẹ́yìn, ó tọ àwọn ìka rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá túká díẹ̀.

"Èyí dára," ó wí. "Ó dára gan-an ni." Ó nawọ́ wá ọwọ́ télọ̀ títí ó fi rí i, ó sì dì í mú. "O ṣé, ọmọ mi."

Télọ̀ yíjú sẹ́yìn, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Káfíńtà mi orí sí i pé kó dákẹ́. Owú náà kò lọ o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, ó ń jó o nínú bí iná. Ó jáde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ, torí méjì ni Bàbá fẹ́, ó sì ku ọ̀kan.