Ọkọ̀ Tí Ọwọ́ Mutallib Tó

Mùínátù sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro ó pé Kòrólà ni kí ọkọ òun rà. Kòrólà ni gbogbo àdúgbò ń lò, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò lè tún un ṣe ní Adó. Mutallib gbọ́ ọ tán, ó ní ọkọ̀ Jámánì lòun máa rà.

Ó ti wù ú láti kékeré, nítorí bó ṣe máa ń di ilẹ̀ mú ní kọ́nà, tí inú ẹni tó ń wà á á sì máa dùn bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀. Oyèbámijí nìkan ni mẹkáníìkì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọkọ̀ Jámánì ní agbègbè wọn, òun àti Mutallib kì í sì í kí ara wọn.

Àga tìmùtìmù ni Mutallib ń ṣe. Nígbà kan, ó gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ní lọ sọ́dọ̀ Oyèbámijí. Bí wọ́n ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ sí wáyà kan tó já, kó lè fi hàn án. Oyèbámijí gbá ọwọ́ náà dànù lójú àwọn oníbàárà.

"Uṣẹ́ rẹ kọ́," ló wí. "Ẹni tí kò ka ìwé mẹ́fà tán, kó lọ máa ki òwú sínú àga."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mutallib fa ọkọ̀ rẹ̀ jáde, ó tà á, ó sì búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́ láyé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ nígbà Iléyá, kò gbà. Nígbà tí ìyá Oyèbámijí kú, ó lọ síbi ìnáwó, ó jẹun, ó mu, kò kí ọlọ́fọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tó máa rà báyìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀ lè tún ṣe. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iwájú Oyèbámijí ni yóò tún lọ dúró.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Monínúọlá ló ń ta tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Ìyìn. Ó fi Bẹ́ńsì dúdú kan hàn án, ó ń yin rédíò rẹ̀. Mutallib kò wo rédíò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ há. Ó lọ sídìí òmíràn, ike ló bo gbogbo ẹ́ńjìnnì ìyẹn mọ́lẹ̀. Monínúọlá ní kò séwu, kọ̀ǹpútà ló máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Mutallib bi í pé ọwọ́ ta ni kọ̀ǹpútà náà wà. Ó dárúkọ Oyèbámijí. Mutallib pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Lẹ́yìn ọgbà ló ti rí Gọ́ọ̀fù pupa kan, àtijọ́, ilẹ̀kùn méjì, jíà ọlọ́wọ́, tí oòrùn ti pa ọ̀dà orí rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé èjìká. Ọwọ́ rẹ̀ tó púlọ́ọ̀gì, ó tó bẹ́líìtì, ó tó gbogbo rọ́bà omi.

"Bàbá," Monínúọlá wí, "ṣé ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ yìí ni, àbí ẹ fẹ́ gbẹ̀bí rẹ̀?"

"Ó ti bí. Bá mi mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Nígbà tó tẹ iná mọ́ ọn lójú títì, ó fò síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n tú lókùn. Mutallib rẹ́rìn-ín sókè, òun nìkan, ó sì padà lọ san owó rẹ̀.

Nílé, bó ṣe ń tú u ló ń tò ó. Ohun tó bá tò tí kò bára mu, á tún un tú. Ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àbúrò Mùínátù bímọ ní Ìgèdè, Mutallib pààrọ̀ rọ́bà omi kan nítorí ìrìn àjò ìsọmọlórúkọ. Wọ́n kọjá Ìyìn díẹ̀ ni èéfín bò wọ́n lójú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí i lẹ́ẹ̀kan náà: rọ́bà náà ti yọ, irin tó yẹ kó fún un mọ́ ibẹ̀ ṣì dẹ̀. Ọkọ̀ kò jẹ̀bi. Ọwọ́ òun ni kò fún un.

Ibi tó ti ń wò ó ni ọkọ̀ kan ti dúró lẹ́yìn wọn, Oyèbámijí sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n pe òun náà síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìgèdè. Mutallib pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé kíá.

"Ṣé kí n wò ó?"

"Rárá."

"Bàbá Khadeejah," Mùínátù wí, "wọn ò ní dúró dè wá kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ o."

"Bá a lọ. Mò ń bọ̀."

Mùínátù pòṣé, ó wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Oyèbámijí rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín yẹn sì dun Mutallib ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, sùúrù rẹ̀ kò tó, ẹ́ńjìnnì jó o lọ́wọ́. Ó ti rọ́bà wọlé, ó fún irin náà títí kò fi lè yí mọ́, ó lọ tọrọ omi nílé kan, ó bù ú kún un.

Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ kó tó dé, ẹnu Oyèbámijí sì ti ròyìn ọkọ̀ Jámánì tó kú sọ́nà. Àwọn tó ń jẹun gbójú sókè. Mutallib wa ọkọ̀ náà dúró níwájú wọn, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó sì gbé e dúró.

Oyèbámijí bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀. "Ó fún dáadáa," ló wí. "Ta ló wá dè é tẹ́lẹ̀ tó fi yọ?"

"Èmi ni. Èmi náà ni mo tún un dè."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oyèbámijí na ọwọ́ sí i, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbí.

"O ṣeun tí o gbé ìyàwó mi," Mutallib wí. "Ìyẹn la ń dúpẹ́ fún. Ìyókù wà níbi tó wà."

Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó jẹun.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, Oyèbámijí ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ fún Mùínátù. Mùínátù kí i dáadáa, ó ní òun ń bá ọkọ òun lọ. Kọ́nà àkọ́kọ́ tí wọ́n yà, ó di ìjókòó mú, ó ní kó rọra. Mutallib wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rín ló ń pa mọ́, ó bá ki jíà bọ̀ ọ́, ó tẹ iná.