Panẹ́bítà Tó Dí Ojú Ọgbẹ́ Olúwa

“Bàbá Ìbejì, kí lẹ ṣe fún un?”

Iwájú ère Jésù orí àgbélébùú ni ìyàwó panẹ́bítà dúró sí. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ère náà lọ́dà tán fún ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín dé ìpàkọ́. Kò sí mọ́tò tó tẹ̀ tí ọkùnrin yìí kò lè nà padà. Ká ní òṣùpá já lu ilé ayé, òun ni wọn ì bá ránṣẹ́ pè. Fadá ní kó bá àwọn tún ère kùn, ohun tó ń ṣe fún mọ́tò ló bá ṣe fún Olúwa. Gbogbo ibi tó jin ló fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò dí: ojú ìṣó, ojú ọ̀kọ̀, gbogbo rẹ̀. Ó fi sáńpépà ha á, ó fín ọ̀dà sí i, ara Jésù wá ń dán débi pé eṣinṣin tó bà lé e yọ̀ ṣubú, díẹ̀ ló kù kó kán lẹ́sẹ̀.

Ó ní Jésù ti jìyà tó, kó sinmi díẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ ọ̀tún ní ọsibítù, kò tíì jẹ́ kí ọkọ rí ibẹ̀. Inú òkùnkùn ló ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ọkọ ti dápàárá títí, ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, pàbó ni. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni obìnrin náà ń wá jókòó síwájú ère yìí.

“Wọ́n gún òun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́,” ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Ó jíǹde tán, kò pa ojú ọgbẹ́ yẹn rẹ́, ó ní kí wọ́n wá fọwọ́ kàn án. Òun nìkan ni mi ò tijú rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ báyìí?”

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé panẹ́bítà tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lójú oorun pé bí òun ṣe ń fi àpárá dí ẹnu ìyàwó òun náà nìyẹn. Ó mú irin, ó gun àkàbà, ó fẹ́ ha pọ́tì náà kúrò. Ṣùgbọ́n ibi gbogbo ń dán bákan náà.

“Ìyá Ìbejì, níbo ni ojú ọgbẹ́ wà gan-an?”

Obìnrin náà ní kó sọ̀kalẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tọ̀dà-tọ̀dà, ó tì í bọ abẹ́ bùláòsì ara rẹ̀.

“Ibí. Déédéé ibí.”

“Ṣé ó ṣì ń dùn ẹ́?”

“Ó ń dùn mí.”

Ọkọ kò dápàárá. Kò sì fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.