Ìwé Mi Tí Ẹnikẹ́ni Ò Wá Kí

Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin ará yàrá àyẹ̀wò, kí ẹ tó gbé ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà bọ̀ yìí sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún yín. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọ̀la ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi, láti mọ̀ bóyá mo tó ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọkàn mi ò balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sùn lọ.

Nínú àlá ọ̀hún, ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ náà ń fò lókè ọgbà yunifásítì. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi máńgòrò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí yunifásítì mìíràn. Mo di okùn mú, mo gùn ún, bàtà gíga lẹ́sẹ̀, fáìlì lábíyá. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà kàn ní, "Ẹ káàbọ̀, Dókítà Morádéyọ̀. Ẹ bọ́ bàtà yín o, ọ́fíìsì ti ń tẹ̀ sápá kan."

Alága ìgbìmọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníhùn, jókòó sídìí tábìlì, ó ń di òbúkọ. Ìwo nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé irùngbọ̀n yẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu.

"Ìwé ìwádìí mélòó lẹ ti kọ?"

"Mẹ́tàdínlógún, sà."

"Ẹ pè wọ́n wọlé."

Àwọn ìwé mi wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn. Òbúkọ wá ṣàlàyé òfin. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń ka ìtọ́kasí, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn dárúkọ ìwé èèyàn nínú tiwọn. Ẹni tó bá jẹ àǹfààní ìwé kan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó wá sọ pé, "Ẹ ṣé àná," bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò bá wá kí, òun yóò jẹ ẹ́, èmi náà yóò sì máa jẹ́ dókítà lásán títí n ó fi fẹ̀yìn tì.

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í gun okùn bọ̀. Onímọ̀ kan láti Kẹ́ńyà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìwé mi kẹrin. Àwọn mẹ́ta láti Íńdíà kí ìkẹsàn-án, wọ́n tún bá a ya fọ́tò. Inú mi ń dùn, mo ń ṣe "ẹ ṣeun, ẹ ṣeun" bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ó wá ku ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ. Ojú ewé méje péré ni, lórí ibà tó máa ń fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ aboyún láì jẹ́ kí ara rẹ̀ gbóná. Ó dúró sí kọ̀rọ̀, ó ń fi etí ojú ewé nu ojú.

"Ọdún mọ́kànlá," ó ní, "ẹnì kan ò kí mi rí. Màmá, ṣé mi ò dáa ni?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "O dáa. Ọ̀nà ló jìn." Irọ́ ni mo pa. Àwọn èèyàn ò kà á ni.

Òbúkọ ti fi eyín kan igun rẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ariwo lórí okùn. Obìnrin méjìlélọ́gọ́ta ló ń gùn ún bọ̀, gbogbo wọn pọn ọmọ. Àwọn ọmọ ọ̀hún ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹsẹ̀ wọn gùn ju ti ìyá wọn lọ, síbẹ̀ wọ́n pọ̀n wọ́n. Èyí tó ṣáájú kúnlẹ̀ síwájú ìwé mi.

"Ẹ ṣé àná o," ó wí.

Òbúkọ ní, "Ẹ dúró ná, madam. Inú ìwé wo lẹ ti tọ́ka sí i?"

"Mi ò kọ ìwé, sà. Ẹ̀jẹ̀ mi wà lára èyí tí wọ́n yẹ̀ wò láti fi kọ ìwé yìí. Ara mi ò gbóná, mi ò mọ̀ pé ibà wà lára mi. Wọ́n rí i, nọ́ọ̀sì sì fún mi lóògùn." Ó yí ẹ̀yìn padà kí òbúkọ lè rí ọmọbìnrin rẹ̀ dáadáa. "Ibi tí mo ti tọ́ka sí i nìyí."

Ọmọ náà kí òbúkọ pé ẹ káàsán. Òbúkọ tu ìwé mi sílẹ̀ lẹ́nu, ó ń fi pátákò tẹ òǹtẹ̀, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé méjìlélọ́gọ́ta. Ìwé mi sunkún ayọ̀ títí tàdáwà fi ń ṣàn lára rẹ̀. Èmi náà dúpẹ́ títí ohùn mi fi há.

Òbúkọ wá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Dókítà? Àwọn tó fún yín lẹ́jẹ̀, ṣé ẹ ti lọ dúpẹ́ àná lọ́wọ́ wọn?"

Mo ya ẹnu láti dárúkọ wọn. "Nọ́mbà kìíní," ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi. "Nọ́mbà kejì. Nọ́mbà kẹta." Obìnrin tó ṣáájú ń wò mí. Kò bínú, ó kàn ń dúró. Ojú tì mí gan-an pé nọ́mbà nìkan ni mo fi mọ̀ wọ́n.

Fóònù ló jí mi. Nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú aboyún ni. "Ẹ ń bọ̀ àbí ẹ ò bọ̀, Dókítà? Àwọn ìyá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago méje o!"

Mo bọ́jú, mo sáré débẹ̀. Ìyá àkọ́kọ́ ti ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó na apá sí mi, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo mú abẹ́rẹ́, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní Sìfáwù ni.

Mo kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ǹṣì. "Ẹ ṣé àná o, Sìfáwù."

"Àná kẹ̀, mà? Òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ríra."

"Ẹ ṣáà bá mi gbà á."

Ó wo nọ́ọ̀sì, ó wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kò tọ́pẹ́ o, mà. Ẹ dìde."

"Ó tọ́pẹ́," ni mo dá a lóhùn. Ìgbà náà ni mo tó dìde gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.