Ọjà Tí Òótọ́ Ti Tà

Ẹ̀kọ́ tí a lọ kọ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ so ìmọ̀ ọrọ̀ ajé pọ̀ mọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà bíi tọkọtaya, àwọn àna méjèèjì ò sì fẹ́ràn ara wọn. Àwa tí a ti ìdí ọrọ̀ ajé wá ń bẹ̀rù kóòdù. Àwọn tó ti ìdí kọ̀ǹpútà wá gbà pé ẹnu lásán la ní. Ẹni tí a ń pè ní Oníkóòdù nìkan lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìhà méjèèjì. Òun ló máa ń jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í tì dáadáa, ọmọbìnrin tó lè bá ọ jiyàn títí tíì rẹ á fi tutù.

Lọ́dọọdún, ìjà ni wọ́n fi ń pín ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sọ́nà nínú ìwádìí rẹ̀. Lọ́dún tiwa, ọ̀gá ẹ̀ka ní kí Oníkóòdù kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa pín wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á to àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bí wọ́n ṣe wù ú sí. Àwọn náà á to àwa. Ètò náà á mú ọ lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí o fi ṣáájú. Bí ẹni yẹn bá fẹ́ ẹlòmíràn jù ọ́ lọ, á mú ọ lọ sọ́dọ̀ èkejì, pé o kọ́kọ́ lọ ibòmíràn ò sì ní dín ipò rẹ kù níbẹ̀ rárá.

Oníkóòdù ní ká ṣáà kọ òótọ́ ọkàn wa. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké; ó ní nínú ọjà tòun, irọ́ ò lè mú èrè wá fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ kún gbogbo pátákó. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ìyá Gbàǹjo ló wù ú, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣèwádìí nípa ọjà gbàǹjo. Torí obìnrin yìí ló ṣe fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ ní báǹkì. Ẹnì kan ṣoṣo sì ni Ìyá Gbàǹjo ń gbà lọ́dún. Ó wu èmi náà, mo sì fi í ṣáájú, Oníkóòdù mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, èmi ni mo ní Ìyá Gbàǹjo. Wọ́n fún Oníkóòdù ní Bàbá Owó-orí, ọ̀jọ̀gbọ́n onísùúrù tó ń ṣàlàyé owó orí títí oorun á fi gbé òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó dùn mí débi pé mi ò lè yọ̀. Àwọn ará kíláàsì ní ètò náà ti ṣìṣe, ni ọ̀gá ẹ̀ka bá pe gbogbo wa jọ, àtọ̀jọ̀gbọ́n àtakẹ́kọ̀ọ́. Ó ní bí àṣìṣe bá wà, a óò tún un tò látìbẹ̀rẹ̀, ó wá yíjú sí Oníkóòdù.

Òun nìkan ló mọ ohun tó wà níkùn ètò yẹn. Bó bá kàn mi orí pé àṣìṣe wà, àyè Ìyá Gbàǹjo tún ṣí sílẹ̀ fún un nìyẹn. Apá kan ọkàn mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mi orí, apá kejì di ipò mi mú gírígírí.

“Kò sí àṣìṣe, sà,” ó dáhùn. “Èmi ni mi ò fi Mà ṣáájú. Mo rò pé gbogbo èèyàn lá sáré lọ bá wọn, ẹ̀rù wá bà mí pé màá pàdánù tibí, màá pàdánù tọ̀hún.”

Ìyá Gbàǹjo yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ìwọ ni mo fi ṣáájú, ọmọ mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ta èmi náà lára díẹ̀, àmọ́ ojú Oníkóòdù ni mò ń wò. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ìyá Gbàǹjo wá bi àwa yòókù léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ohun tó wà lọ́kàn wa la kọ. A ní bẹ́ẹ̀ ni, Oníkóòdù ló ṣáà ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la ra òótọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun tó ń tà á nìkan ni ò rà.